Àwọn Tó Fọwọ́ Ba Táì Japhet

Lọ́jọ́ tí apá bàálù Japhet ha òṣùpá lára, Japhet fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láàárín òfurufú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún òṣùpá, ó bẹ̀ ẹ́ títí òṣùpá fi rẹ́rìn-ín, ó wá mú ẹ̀bà tó kù nínú àwo oúnjẹ rẹ̀, ó fi dí ojú ọgbẹ́ náà.

"Bí òṣùpá bá yọ, ẹ wò ó dáadáa," ni Japhet wí, ó na ìka sókè bí ẹni tó ń júwe ilé bàbá rẹ̀. "Ẹ ó rí ibì kan tó dúdú díẹ̀ lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀bà yẹn ni kò tíì gbẹ tán."

"Gàrí funfun ni àbí pupa?" ni Bàbá Májẹ́kódùnmí bi í.

"Funfun ni, bàbá. Gàrí pupa kì í lẹ̀ mọ́ òṣùpá."

Àwọn tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ojúde Susanna, ìyá Japhet, rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ fi já okùn. Kò sí ẹnì kankan tó gba ti òṣùpá gbọ́. Bàbá Májẹ́kódùnmí, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná kí orúnkún tó dá a padà wálé, tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní irọ́ tí kò lórí tí kò nídìí ló dùn jù, torí kò síbi téèyàn yóò ti dì í mú.

Ṣùgbọ́n ti bàálù ńkọ́? Ìyẹn ni gbogbo Òsì gbà gbọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ láti Òsì dé Ìlọ́fà, láti Ìlọ́fà dé Ìdọ̀fin. Lọ́jà Èrùkù, bí bàálù kan bá ń kọjá lókè, àwọn obìnrin á gbé ojú sókè, wọ́n á juwọ́, wọ́n á ní, "Japhet ọmọ Susanna, máa rọra o!"

Japhet ò wa bàálù rí. Japhet ò tilẹ̀ fọwọ́ ba bàálù rí. Ohun tó pa òun àti bàálù pọ̀ kò ju pé àwọn tó ń gbálẹ̀ ní pápá bàálù Kàdúná máa ń kó aṣọ wá fún un. Alágbàfọ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan lẹ́bàá títì, ó ní ọpọ́n ńlá méjì, ó ní okùn ìsáṣọ kan tó gùn tó ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ó sì ní áyọ́ọ̀nù eléèédú tí àkùkọ irin tí wọ́n fi ń ti ìdérí rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ẹ má rò pé alágbàfọ̀ lásán ni o. Bí Japhet bá lọ ṣòkòtò, ojú ìlà rẹ̀ á mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè fi bẹ́ iṣu. Bó bá lọ agbádá, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀, á ṣubú, á kán lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ nílé? Ta ni yóò wo ojú ìyá rẹ̀ tó ta iṣu mọ́ èlùbọ́ kó lè ka ìwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù, tí yóò wá sọ fún un pé pátá onípátá ni òun ń fọ̀, pé ìró ìyàwó oníyàwó ni òun ń sá sóòrùn? Lágboolé wọn, bí ọkùnrin bá fọ ẹ̀wù ara rẹ̀ lásán, wọ́n á béèrè bóyá aya rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún Kérésì àkọ́kọ́ tí Japhet wálé ni Susanna bi í léèrè pé, "Japhet, iṣẹ́ wo lo rí ṣe ní Kàdúná?"

Ó ní, "Pápá bàálù ni mo wà, Màmá." Ó kù díẹ̀ kó má jẹ́ irọ́.

Nígbà tí Kérésì kejì dé, ó ti ń tún bàálù ṣe. Nígbà tí ìkẹta dé, ó ti ń wà á. Irọ́ dà bí ọmọ ajá téèyàn gbé wálé: ó kéré, ó rẹwà, o ń ju egungun fún un, ọjọ́ tó bá dàgbà tán, ìwọ olówó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbó mọ́. Lálaalẹ́ tí Japhet bá ti pa ìtàn bàálù tán tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán, bó bá dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ọṣẹ ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù kí ìyá rẹ̀ má fi fìtílà wò ó.

Ọdún 1981 ni ọmọ ajá yìí dàgbà.

Lọ́dún yẹn, Pirinsípà Olóyèdé, ẹni tó kọ́ Japhet fúnra rẹ̀ nígbà kan, dá ohun kan sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọkùnrin náà ti wò títí, ó ti sú u. Lọ́dọọdún ni Fọ́ọ̀mù Fáìfù ń jáde, wọ́n á jó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, sí Kàdúná, sí Èkó, bí ìgbà téèyàn da àgbàdo sódò. "A kọ́ wọn ní orúkọ gbogbo òkè tó wà ní Yúróòpù," ló sọ nípàdé àwọn òbí, "a ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kan àga tí wọn yóò fi jókòó."

Ló bá ní kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa wá sí pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, kí oníkálukú gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kan dání. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé yóò lọ fọwọ́ ba irinṣẹ́ ẹni tó wù ú. Kí aago tó dún, ó lè yí ọwọ́ padà. Bí aago bá ti dún, ó parí: ẹni tí ọwọ́ wà lára irinṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá, kò sì sí oníṣẹ́ mìíràn tí yóò gba ọmọ náà títí ọdún yóò fi yí po. Àwọn oníṣẹ́ ló fi ìyẹn lé e. Wọ́n ní ọmọ ìwé a máa fò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù bí tata.

Pirinsípà ní kí wọ́n bá òun pe Japhet wá, kó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ lásán, kó sì gúnlẹ̀ sílé ìyá rẹ̀. Susanna rán awakọ̀ kan, awakọ̀ náà bá Japhet ní gáréèjì Kàdúná, torí ibẹ̀ nìkan ni Japhet máa ń jẹ́ kí ará ilé ti rí òun. Ká ní ó gbọ́n ni, ì bá sọ pé bàálù òun ti taku. Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò pè sójú agbo tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní yún un? Ó gba kóòtù dúdú kan wọ̀, ti Alhaji oníbàárà rẹ̀ kan, tí Alhaji rò pé kò tíì gbẹ. Ó ra táì pupa kan tó ní rọ́bà lẹ́yìn, irú èyí téèyàn kàn ń fà kọ́ ọrùn bí okùn ewúrẹ́. Ó délé. Ó pa ìtàn òṣùpá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òṣùpá yẹn náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Keziah, gbé iyán wá fún un. Keziah wà ní Fọ́ọ̀mù Fáìfù. Láti kékeré ni ọwọ́ ọmọ yìí kì í dúró. Ewé kókò ló fi ń gé ẹ̀wù fún ọmọláńgidi, kó tó di pé ó ń gé aṣọ gidi fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣubúọlá aránṣọ, tó kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin tó sì ní máṣíìnì ìránṣọ àfẹsẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ti fojú sí i lára tipẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan péré ni Ṣubúọlá ń gbà lọ́dún. Lọ́dún yìí, ó ní Keziah ni.

"Bọ̀dá mi," Keziah wí, ó ń bu omi ìṣanwọ́, "mo ti sọ fún Àǹtí Ṣubúọlá pé kí wọ́n máa wá ẹlòmíràn."

Japhet dá òkèlè padà sínú àwo. "Kí ló dé?"

"Ṣebí ẹ ó mú mi lọ sí pápá bàálù ni. Èmi ni n ó máa pín oúnjẹ fún àwọn èrò inú bàálù. Màmá ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gbàdúrà sí i."

"Wọ́n ti gbàdúrà sí i?"

"Wọ́n gbààwẹ̀ sí i pàápàá."

Japhet gbé omi mu. Òtítọ́ dìde nínú ikùn rẹ̀, ó gun àyà wá, ó dé eyín, ó yọjú wo ìta, ó rí ojú Keziah tó ń tàn bí àwo tuntun, ló bá padà sẹ́yìn. Irọ́ ló jáde.

"Keziah, iṣẹ́ bàálù le. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń dúró níbẹ̀. Láti Kàdúná dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ kan."

Keziah gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Ó dúró ti òun ti àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́. Kò mì. "Mo lè fi ẹsẹ̀ kan dúró, Bọ̀dá."

"Ejò tútù ni wọ́n ń jẹ!"

"Màá gbádùn ẹ̀ bí n bá bu iyọ̀ sí i."

"Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé bó o bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á dì lẹ́nu rẹ, ó di ìgbà tí wọ́n bá yá a níná kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó o wí!"

"Ẹ ò bẹ̀rù, Bọ̀dá. Èmi náà ò ní bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni."

Ìgbà yẹn ni ojú ti Japhet débi pé iyán korò lẹ́nu rẹ̀. Àti pé ẹsẹ̀ kan náà ni ọmọ yìí ṣì fi dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, pápá ilé ẹ̀kọ́ kún bí ọjà Èrùkù. Jímọ́ọ̀ alágbẹ̀dẹ gbé òòlù rẹ̀ wá láti Ìdọ̀fin, ó gbé e ka orí òkúta bí ọba tó gbé adé sílẹ̀. Káfíńtà gbé ayùn wá láti Ìlọ́fà. Bíríkìlà mú okùn tó fi ń wo bí ògiri ṣe dúró. Ṣubúọlá ní kí wọ́n bá òun ru máṣíìnì wá. Ó sì gbé tábìlì kékeré kan àti áyọ́ọ̀nù eléèédú wá pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ lè rí bí wọ́n ṣe ń tẹ ojú ìránṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Lórí tábìlì náà ni ó tẹ́ ẹ̀wù funfun kan sí, ẹ̀wù tẹ́tíróònù oníṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láyà. Gbogbo ìlú mọ ẹni tó rán an fún. Keziah ni kó wọ̀ ọ́ lọ sí ìdúpẹ́ àwọn ajáde lọ́jọ́ Àìkú.

Susanna jókòó níwájú láàárín àwọn òbí, ó we gèlè tó ga tó òkè. Bàbá Májẹ́kódùnmí fi ọ̀pá di orúnkún mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pirinsípà Olóyèdé pe Japhet jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àwọn adìyẹ fi wọ abẹ́ ilé. Japhet dìde nínú kóòtù Alhaji, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó pinnu lóru ni pé òun yóò dẹ́rù bà wọ́n. Òun yóò parọ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kankan kò ní fẹ́ fojú kan bàálù mọ́, pàápàá Keziah. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti fi túnṣe ohun tí irọ́ bàjẹ́ nìyẹn: irọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ," ló wí, "ẹ má ṣe irú iṣẹ́ mi o! Lóṣù tó kọjá, ìjì gbé bàálù wa yí po ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, orí mi yí sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń jẹun látẹ̀yìn!"

"Hàà!" ni àwọn ọmọ wí. Ojú wọn ń tàn.

"Ẹyẹ idì kan já wọlé, ó gba sítíárì lọ́wọ́ mi! Òun ló wà wá dé Kánò!"

"Ó mà dára o!"

"Bí ebi bá pa wá lókè, a kì í rí nǹkan kan jẹ, àfi ìkùukùu! Ìkùukùu aláìníyọ̀!"

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hassan fò sókè láàárín wọn. "Bọ̀dá Japhet, ẹ gbà mí! Èmi lè jẹ ìkùukùu!"

Bí ìpàdé ṣe dàrú nìyẹn. Fọ́ọ̀mù Fáìfù dìde pìì, wọ́n kọjá níwájú Jímọ́ọ̀, wọ́n kọjá níwájú káfíńtà, wọ́n wá tò sẹ́yìn Japhet bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Keziah ló wà níwájú gbogbo wọn. Kò síkan tó kù sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́.

Pirinsípà fi ọwọ́ fa irùngbọ̀n. "Japhet, n ò pè ọ́ láti wá gba ọmọ iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yàn ọ́, n kò lè dí wọn lọ́wọ́. Irinṣẹ́ rẹ dà?"

"Bàálù ni, sà. Kò ṣe é kó sápò."

"Kí ni wọn yóò wá fọwọ́ bà?"

"Táì ni!" Hassan pariwo. "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ba táì!"

Kí Japhet tó yanu, Keziah ti di táì mú. Hassan di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó táì di ẹni tó di táì mú lápá, ẹni tẹ̀yìn di tiwájú, wọ́n gùn lọ bí ìrù ejò láti ọrùn Japhet dé ibi tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù sí. Wọ́n fa ọrùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀ bí olè tí wọ́n mú lóko iṣu.

Láti ìsàlẹ̀ tó wà yẹn, ó ń rí ẹsẹ̀ Jímọ́ọ̀ alágbẹ̀dẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Kò sí ẹsẹ̀ ọmọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àní ṣé ìdí tí ẹ fi ní kí n ti Ìdọ̀fin ru òòlù wá nìyí?" ni Jímọ́ọ̀ wí. "Kí n wá wo táì?"

Pirinsípà ti gbé aago ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀. Ó ń fi etí agbádá rẹ̀ nù ún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ lù ú, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn oníṣẹ́ tó ti ibi jíjìn wá fún asán.

"Keziah," ni Japhet sọ wúyẹ́wúyẹ́, "lọ sídìí máṣíìnì."

"Rárá o, Bọ̀dá."

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀ ń dán mi wò ni. Mo mọ̀."

Japhet mọ̀ pé bí aago yẹn bá dún, ọdún kan gbáko Keziah ti bọ́ sódò nìyẹn, torí Ṣubúọlá yóò mú ẹlòmíràn, èyí tí yóò sì kù fún Keziah ni ọkọ àgbẹ̀ tàbí mọ́tò Kàdúná, níbi tí yóò ti wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ọpọ́n ọṣẹ. Ó la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó rí gèlè ìyá rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, ojú sì tún ń tì í pé ojú ń ti òun.

Ṣubúọlá kò wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Inú ló ń bí i. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń fẹ́ iná sí i, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ, títí èédú inú rẹ̀ fi pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, tí iná ń yọ ahọ́n láti ojú ihò rẹ̀. "Aṣọ ẹlẹ́yà," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n lọ̀ ọ́ fún ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́." Ó gbé e sókè lórí ẹ̀wù funfun náà.

Japhet rí i. Tẹ́tíróònù! Lórí tẹ́tíróònù, irú iná bẹ́ẹ̀ kì í jó aṣọ, ńṣe ló ń yọ́ ọ bí òrí. Japhet kò rò ó. Kì í ṣe orí ló gbé e, ẹsẹ̀ ni. Ó fò! Ó wọ́ gbogbo Fọ́ọ̀mù Fáìfù tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ìgbà tí rélùwéè já kúrò ní ìdúró, wọ́n ń ṣubú lé ara wọn, rọ́bà táì gùn, ó gùn, ó gùn tó ọ̀pá ẹ̀gẹ́, ó já pàù!

"Ẹ má gbé e lé e!" Ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Ṣubúọlá ní ojú òfurufú.

Ó ki ìka bọ ẹnu, ó ta itọ́ sí ìdí áyọ́ọ̀nù: ṣàá! Ó tẹ́tí sí i, ó mi orí. Ó ṣí àkùkọ, ó gbọn díẹ̀ nínú èédú dànù, ó nu ìdí irin mọ́ koríko tútù, ó gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tún tẹ́tí. Ó bọ́ kóòtù Alhaji sọ nù. Ó gbé ife omi Pirinsípà, ó fa omi sẹ́nu kún ẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó fẹ́ ẹ jáde lórí ẹ̀wù náà: fùúùù! Omi náà wẹ́ bí ìrì, oòrùn mú un, òṣùmàrè kékeré yọ lójú pápá. Lẹ́yìn náà, áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó lọ apá, ó lọ èjìká, ó tẹ etí áyọ́ọ̀nù wọ inú iṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ àyà ẹ̀wù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ya irun ọmọ tuntun.

Láti ìgbà tó ti dé Òsì, àkókò yìí nìkan ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Kò sí ìyá, kò sí ìjọ, kò sí bàálù. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù rẹ̀, oòrùn ń ràn, aṣọ ń dùn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó ká ẹ̀wù náà sí mẹ́rin, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì bí ẹni gbé ẹyin, ó gbé orí sókè, ó sì fi gbogbo ọ̀fun ké bó ṣe ń ké lójoojúmọ́ láyé rẹ̀:

"Wánkí dà gúgà! Ẹni tó kàn o!"

Gbogbo orí tó wà ní pápá yí sí i.

Ẹni tó bá ti dé òkè Ọya rí mọ igbe yẹn. Àwọn alágbàfọ̀ ló ń ké e láti ojúlé dé ojúlé: a ń fọṣọ, a ń lọṣọ. Bàbá Májẹ́kódùnmí sì ti gbọ́ ọ lójú fèrèsé rẹ̀ ní Kàdúná ní gbogbo òwúrọ̀ tó fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó fi ọ̀pá dìde, egungun orúnkún rẹ̀ ń ké.

"Japhet," ló wí, "ṣé igbe tí wọ́n ń ké nínú bàálù nìyẹn?"

Japhet dúró gbagidi, ẹ̀wù lọ́wọ́ kan, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kejì.

"Mo ní kí n bi ọ́ ni. Ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé òṣùpá ń dán jù látìgbà tó o ti wálé. Àṣé o lọ̀ ọ́!"

Ẹ̀rín bú. Káfíńtà dì mọ́ ayùn kó má bàa ṣubú. Jímọ́ọ̀ alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó lórí òòlù ara rẹ̀. Japhet wá irọ́ lẹ́nu. Ó wá a lábẹ́ ahọ́n, ó wá a lọ́nà ọ̀fun, ibi tó ti ń rí i kó ní ìwọ̀n agbọ̀n. Kò rí ẹyọ kan.

Susanna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gèlè rẹ̀ kò mì. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Japhet, alágbàfọ̀ ni ọ́?"

Japhet wo ilẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó wà níta gbangba lábẹ́ ẹ̀wù funfun, kò sì síbi tí yóò fi í pamọ́ sí.

"Bọ̀dá?" ni Keziah wí. Táì pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, kò sí ọrùn nínú rẹ̀ mọ́. Ó ń wo táì, ó ń wo ẹ̀wù, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ọmọ tó ń ka ìwé tí wọ́n kọ ní èdè àjèjì.

Pirinsípà Olóyèdé ti gbé aago sókè, bóyá kó lè fi pa ẹ̀rín náà lẹ́nu mọ́ ni. Japhet rí aago náà lókè.

"Keziah!" Ohùn rẹ̀ ya. "Kò sí bàálù! Kò sí bàálù kankan! Ọwọ́ rẹ, Keziah! Máṣíìnì! Fọwọ́ ba máṣíìnì!"

Ó ju ẹ̀wù lé Ṣubúọlá láyà, ó yí padà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ehoro sá, ẹ kò tíì rí eré. Bàtà kan já sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ìkejì kọjá rẹ̀ lójú ọ̀nà, òun ló kọ́kọ́ dé títì. Òjìji rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun. Àárín ọ̀nà ló tó mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù Ṣubúọlá ṣì wà lọ́wọ́ òun, èédú ń ta sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èéfín ń tẹ̀lé e bí ọkọ̀ ojú irin.

"Áyọ́ọ̀nù mi o!" ni Ṣubúọlá ń ké.

Ẹsẹ̀ púpọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dùgùdùgù. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Èrùkù. Ó rí Hassan níwájú, ó rí àwọn ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin mìíràn, gbogbo wọn na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ní pápá, Pirinsípà ṣì gbé aago sókè, kò lù ú, ó ń fi ọwọ́ kejì pè é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan dúró ti máṣíìnì. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára irin náà. Èkejì ló fi bo ojú.

"Bọ̀dá Japhet, ẹ dúró!" ni Hassan ń ké. "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ bà á! Pirinsípà ní irinṣẹ́ ni áyọ́ọ̀nù náà! Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ba áyọ́ọ̀nù kí aago tó dún!"

Ṣùgbọ́n ìtìjú ti dí Japhet létí bí òwú. Ohun tó gbọ́ ni "Bọ̀dá Japhet," èyí tó kù di ẹ̀rín létí rẹ̀. Ó di áyọ́ọ̀nù mú ṣinṣin, ó tún ẹsẹ̀ gbé, ó sá.